Ẹ Yọ Ìyá Kúrò, Ká Rí Ọmọ

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ń fi pépà fẹ́ ara wọn bí ẹni tó ń koná, ilẹ̀kùn kan ṣí ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ àtẹ́rígbà jáde. Ó ga bí òpó iná. Ó wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn bí tìmùtìmù, ó dé fìlà onírun bo etí méjèèjì, ó sì wọ ìbọ̀wọ́.

Ọmọbìnrin tó ń gbé ife omi bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró lójijì. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ̀rín kọ̀ fún un. Omi dà sí i lára.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ló sọ nígbà tó rí èémí fà. “Ṣé yìnyín ló ń rọ̀ nínú ibẹ̀ yẹn ni?”

“Ẹ máa rín in lọ,” ni ọkùnrin náà dáhùn, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. “Níbi tí mo ti ń bọ̀, téèyàn bá rẹ́rìn-ín, ṣe ni ẹ̀rín á dì mọ́ ọn lẹ́nu.”

Ó ṣí fìlà, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó jókòó, ó wá rí i pé òun ò rántí ibi tí òun gbé ife sí. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, irọ́ ló ń pa.

Bàbá ọmọbìnrin yìí, tó ń tún aago ṣe, ló sọ ọ́ ní Awòràwọ̀ láti kékeré, torí pé ọmọ náà kì í wo ilẹ̀ tó bá ń rìn, orúnkún rẹ̀ kì í sì í gbẹ fún egbò. Orúkọ náà bá a dé ibi iṣẹ́, ó sì bá iṣẹ́ náà mu. Ní ti ọkùnrin náà, àwọn ẹ̀rọ òtútù ló wá ń tọ́jú. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wọn fún yín, torí pé iṣẹ́ yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́. Awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run wà lórí òkè, ó ń kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ. Ìmọ́lẹ̀ náà á gba inú okùn dígí wá sí yàrá òtútù, ẹ̀rọ kan á sì ya á sí wẹ́wẹ́. Ẹ ti rí òṣùmàrè rí. Ẹ wá fojú inú wo òṣùmàrè kan tí wọ́n nà títí tó fi gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, tí ìlà dúdú tín-ín-tìn-ìn-tín ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì wà nínú rẹ̀. Omi ní ìlà tirẹ̀, gáàsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìka oníkálukú ṣe ní ìlà tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìlà kà lè jókòó síbi tó wà kó sọ irú afẹ́fẹ́ tó wà lójú pílánẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ èèyàn kò ní tẹ̀ láéláé.

Èyí tí Awòràwọ̀ ń lépa jẹ́ òmìrán ọmọdé. Òmìrán ni, torí pé kò sí pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi tó o níbi oòrùn tiwa. Ọmọdé ni, torí pé bí a bá fi ọjọ́ orí ojú ọ̀run wò ó, àná ni wọ́n bí i, ooru ìbí ṣì wà lára rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìràwọ̀ tí òmìrán náà ń yí ká mọ́lẹ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló ń bo ti ọmọ.

Ta ló wá ráyè orúkọ gígùn níbi iṣẹ́? Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá, pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní Ọmọ. “Ẹ ti yọ Ìyá kúrò?” ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀, ìyẹn ni pé ṣé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fọ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kúrò kí ti pílánẹ́ẹ̀tì lè hàn. Àlejò tó bá gbọ́ wọn á pe ọlọ́pàá. Àwọn ò tiẹ̀ gbọ́ ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ téèyàn bá ń sọ lójoojúmọ́, etí ẹni kì í gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀wù òtútù yẹn tí àwọn ìlà Awòràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sún, ọ̀sán nìkan ni, lójoojúmọ́. Ó yẹ ẹ̀rọ wò, ó yẹ ìṣirò wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá ògiri. Nígbà tó yá, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù lákòókò tí ìlà máa ń sún. Ọ̀gá Òtútù jáde, èérún búrẹ́dì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń ṣe nínú ibẹ̀ lọ́sàn-án?”

“Mo máa ń jẹ búrẹ́dì mi.”

“Nínú yàrá ẹ̀rọ?”

“Ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti ń làágùn. Mo máa ń fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ yẹn díẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ mi!” Awòràwọ̀ gbé ọwọ́ lérí. “Ooru ara yín ti ń sún ìlà mi kúrò nípò láti ọjọ́ yìí wá. Ara yín gbóná jù!”

Ọkùnrin náà wò ó títí. “Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òtútù,” ló sọ níkẹyìn. “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé ara mi gbóná.”

Ojú ti Awòràwọ̀ débi pé etí rẹ̀ ń jó o. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé kó má wọbẹ̀ mọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ẹ máa wá jẹ búrẹ́dì yín lọ́fíìsì mi.”

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Búrẹ́dì ọjọ́ kan di ti ojoojúmọ́. Ọ̀gá Òtútù ń jókòó sórí àpótí kọ̀ǹpútà, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, á máa bi í léèrè nípa Ọmọ bí ẹni ń béèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Ogún mílíọ̀nù péré.”

“Ọmọ jòjòló! Ṣé ó ti ń jókòó?”

“Ó ń ré kiri. Wọ́n ní ó ń yí bí òkòtó.”

“Ọmọ rere. Ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀?”

“Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ gan-an.”

“Ó dáa.” Ó gé búrẹ́dì sí méjì, ó na apá kan sí i, kò gbójú sókè. “Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀, èmi náà ń fẹ́ níbí.”

“Kí lẹ̀ ń fẹ́?”

“Ìwọ.”

Kì í ṣe ẹ̀yin. Ìwọ ni. Awòràwọ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe bọ́ sí i láyà, ó sì wọlé síbẹ̀ bí ẹni tó ti ní kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mu búrẹ́dì náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìwọ náà,” ló dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ni wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ tí ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbọ́. Òun a ní “Ọ̀yàyà mi”, ọkùnrin náà a ní “Ẹyin ojú mi, tó ń fi ojú wo ojú ọ̀run tó sì ń fi ẹsẹ̀ kọ àga.” Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Awòràwọ̀ kò fi ṣeré. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Bàbá nìkan ló tọ́ ọ, tó ń di irun rẹ̀ ní wúruwùru pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ aago tú tí kò mọ irun dì.

“Tí mo bá máa lọ́kọ,” ló sọ fún Ọ̀gá Òtútù lọ́jọ́ kan, “mi ò fẹ́ ọkọ nìkan. Mo fẹ́ ẹni tí màá máa pè ní màmá. Kí ó máa bá mi wí pé iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi wí nípa iyọ̀ rí.”

“Màmá tó wà nílé mi ń wá ẹni tó máa bá wí,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Èmi nìkan ni mò ń jẹ gbogbo rẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ti ń yó mi.”

Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ti dolóògbé, ó sì ti fi ọwọ́ sọ̀yà fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ní mú obìnrin tí ìyá òun bá kẹ̀yìn sí wọlé. Ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Fọ́tò àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn kún ògiri pálọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n ọmọ tuntun rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbin òdòdó sínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Awòràwọ̀ kọ́kọ́ wọ ilé náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ẹní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Agbẹ̀bí wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, ó sì fà á mọ́ra.

“Ọmọ mi, o tín-ín-rín. Wá sí kíṣíìnì.”

Ó kó àlùbọ́sà fún un gé. Kò pẹ́ tó fi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé àlùbọ́sà lò ń gé ni, àbí ò ń bá a jà? Wò ó, bó o ṣe máa dì í mú nìyí. Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?”

“Bàbá mi ni, mà.”

“Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Tún un gé.”

Omijé ń dà lójú Awòràwọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùbọ́sà pé ó bo òun láṣìírí. Wọ́n ń bá a wí. Ó dùn mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ọkùnrin eléwú tí ohùn rẹ̀ kì í ka ògiri sí. Awòràwọ̀ tọrọ gáfárà, ó bọ́ sí bákónì ẹ̀yìn kíṣíìnì, kò sì rí i pé fèrèsé tó wà lókè ibi ìfọwọ́ ṣí sílẹ̀. Ohun tó sọ síta rèé, tó wọlé gba ojú fèrèsé:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Rárá, ìyá yẹn náà ṣì ni ìṣòro. Mo mọ̀, sà, ó ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tá a bá gbà á láyè, a ò ní rí ọmọ yẹn mú láéláé. Ẹ jẹ́ ká dí ìyá mọ́lẹ̀ ná. Tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá yọ ọ́ kúrò pátápátá, màá fọ gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ọn kúrò lára ọmọ òmìrán yẹn. Ẹ má ṣèyọnu, sà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná dáadáa!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù, ó wọlé. Omi ẹ̀rọ ń dà ní tirẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Agbẹ̀bí wà lábẹ́ rẹ̀, kò mira.

Ẹ bá mi rò ó. Òmìrán wo ló tún wà nínú ilé náà bí kò ṣe ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé?

“Ẹ jókòó sí pálọ̀, arábìnrin,” ni ìyá náà sọ. “Oúnjẹ yín ń bọ̀.”

Awòràwọ̀ rò pé etí òun ló ń tan òun. Arábìnrin? Ẹ? Obìnrin tó tó o bí, tó ti ń bá a wí nípa àlùbọ́sà, ló wá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá òṣìṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹun. Gbogbo ọ̀rọ̀ tábìlì jẹ́ ẹ jọ̀ọ́ àti ẹ ṣeun. Nígbà tó ń lọ, ìyá náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Ó dàbọ̀ o, arábìnrin. Ẹ máa kíyè sí àtẹ̀gùn.”

Ọ̀wọ̀ tí a kò béèrè máa ń dunni ju èébú lọ nígbà mìíràn.

Ọ̀gá Òtútù bi ìyá rẹ̀ léèrè títí. “Màmá, kí ló ṣe?”

“Kò ṣe nǹkan kan lójú mi.”

“Kí lẹ wá gbọ́?”

“Gbogbo ọdún tí mo fi gbẹ̀bí, ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́yìn ògiri yàrá kan, mi ò gbé e lọ sí yàrá kejì rí. Bí mo bá ń gbé e kiri ni, ìlú yìí ì bá ti tú. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́.”

Ọ̀gá Òtútù sọ gbogbo rẹ̀ fún Awòràwọ̀ lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n. “Jẹ́ ká ní sùúrù,” ló wí. “Tí kò bá wá yí ọkàn padà, mo lè—”

“O ò lè,” ni Awòràwọ̀ gé e lẹ́nu. “Mi ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo mọ bí ilé tí kò sí ìyá ṣe ń rí. Ìyá ni mò ń wá o, kì í ṣe pé kí n sọ ẹlòmíì di aláìníyàá.”

“Ẹyin ojú mi.”

“Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́,” ló sọ. Bó ṣe pè é ní ẹ yẹn, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, ó sì dun àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò wọ yàrá òtútù àyàfi tó bá nídìí, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìlà Awòràwọ̀ wá dúró ṣinṣin, ọ̀sán àti òru, láìsún rárá. Iṣẹ́ ń lọ déédéé. Kò kórìíra ìlà tó dúró ṣinṣin rí bó ṣe kórìíra wọn nígbà náà.

Bàbá rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ kan tó wá jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi ìka yí ọwọ́ aago àtijọ́ kan sẹ́yìn.

“Awòràwọ̀, ta ló ṣẹ̀ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, Bàbá. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ mi ni. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.”

“O ò béèrè?”

“Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á sọ ọ́ fún mi.”

Bàbá gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. “Aago tó bá dúró, a máa ń ṣí i wò ká tó sọ pé ó ti bà jẹ́. Nígbà mìíràn, èérún búrẹ́dì ló há sí i.”

Awòràwọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó pinnu pé tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun bá ti parí, òun á lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Agbẹ̀bí, òun á sì béèrè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá náà yá ju tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ni. Gbogbo wọn pé sídìí kọ̀ǹpútà kan, Awòràwọ̀ ló jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti fọ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kúrò, wọ́n ti fọ ti afẹ́fẹ́ ayé tiwa náà kúrò, ó wá ku kí wọ́n fi ìlà omi wé ohun tó ṣẹ́kù, kí wọ́n wò ó bóyá ó bá a mu. Ojú kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kún fún gegele kéékèèké tí kò ní láárí. Lẹ́yìn náà, láàárín wọn, níbi tó yẹ kó wà gan-an, òkè kan dìde, ó ga, ó sì mú ṣónṣó.

“Omi ni,” ni Awòràwọ̀ sọ jẹ́jẹ́. “Omi wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ju fìlà rẹ̀ sókè, ó ké tí gbogbo ilé gbọ́: “Ìyá ti lọ! Ọmọ ti jáde! Omi dà! Omi ń dà ṣọ̀ọ̀!”

Àkókò yẹn gan-an ni Ìyá Agbẹ̀bí ń bọ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá ọmọ rẹ̀ rán apá ẹ̀wù òtútù tó ya, ó sì ń gbé e bọ̀ wá fún un. Ohun tó gbọ́ mú kí ẹ̀wù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí bọ́ lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ká apá aṣọ sókè, ó sáré wọ yàrá, ó sì ti Ọ̀jọ̀gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ fún mi láyè! Ẹ gbé omi gbígbóná wá, ẹ wá aṣọ tó mọ́! Níbo lọ́mọ wà? Ṣé ó ti ké? Ìgbà wo ni ìyá ẹ̀ lọ?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ayọ̀ ò jẹ́ kó ronú, ló dáhùn: “Láàárọ̀ yìí ni, Màmá! Ó ti lé lọ́dún kan tá a ti ń wá bá a ṣe máa yọ ọ́ kúrò!”

“Ẹ ń wá a?” Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. “Ẹ̀yin apààyàn!”

Awòràwọ̀ ló kọ́kọ́ lóye. Ó dìde, ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ó rọra fi í jókòó sórí àga tirẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó kú. Ìràwọ̀ là ń sọ. Ẹ wò ó.” Ó ṣí àwòrán kan: ìmọ́lẹ̀ ńlá kan láàárín òkùnkùn, àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmì kékeré kan tó ṣú díẹ̀. “Èyí tó mọ́lẹ̀ yìí là ń pè ní Ìyá. Kékeré yìí ni Ọmọ. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, òmìrán ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni, ó ṣì gbóná. Ìmọ́lẹ̀ Ìyá ni kì í jẹ́ ká rí i.”

Ìyá Agbẹ̀bí wo àwòrán náà. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà. Ó tún wo àwòrán.

“Ọmọ òmìrán,” ló sọ díẹ̀díẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Tó ṣì gbóná. Tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, m—” Awòràwọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. “Màmá. Kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀. “Mi ò sọ ohun ẹ̀yìn ògiri rí láyé mi,” ló wí. “Ṣùgbọ́n fèrèsé ni èyí, kì í ṣe ògiri. Mo gbọ́ tó o sọ pé o máa yọ ìyá kúrò pátápátá. Tó o máa fọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn kúrò lára ọmọ rẹ̀.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Òtútù ni, ẹ̀wù tó bọ́ sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Èmi ni òmìrán?” ló ń béèrè. “Màmá, èmi ni mo gbóná?” Gbogbo yàrá bá a rín in, àfi Awòràwọ̀ tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń sunkún, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Agbẹ̀bí kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan àmì ńlá náà. “Ìyá yìí, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, níbo ló ń lọ?”

“Kò lọ síbì kankan, Màmá,” ni Awòràwọ̀ dáhùn. “Ojú wa la gbé kúrò lára rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Òun ló di ọmọ náà mú. Tó bá jù ú sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, inú òkùnkùn lọmọ máa ṣáko lọ. Òun náà la sì kọ́kọ́ kọ́, ìlà kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá mọ ìyá dunjú, kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ.”

Ìyá náà tún tẹjú mọ́ àmì kékeré náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí agbẹ̀bí máa ń béèrè.

“Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó tó ayé wa yìí lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.”

“Yéè! Ta ló gbẹ̀bí ìyẹn?” Ẹ̀rín wá gbé òun náà. Ó rín in títí tó fi di ọwọ́ mọ́ ìhà. Nígbà tó nu ojú tán, ó gbé àgbọ̀n Awòràwọ̀ sókè. “Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Wá sílé. Àlùbọ́sà ń dúró dè ẹ́, o ò sì tíì mọ̀ ọ́n gé.”

Ọmọ mi. O, kì í ṣe ẹ mọ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré lè gbé, kó wo ojú Awòràwọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn yòókù ṣì ń jó lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tún pariwo nídìí kọ̀ǹpútà. “Ta ló wà ní yàrá òtútù? Ìlà ti ń sún! Ooru ẹnì kan ò lè sún un tó báyìí!”

Ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá Òtútù ti fi ẹ̀wù tí ìyá rẹ̀ rán bo Awòràwọ̀ léjìká, ó sì ti kúnlẹ̀. Pẹ̀lú bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

“Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Mo ti ń fẹ́ ẹ tipẹ́,” ni Awòràwọ̀ dáhùn. “Dìde, jẹ́ ká jáde, a ti ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.” Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jáde nínú wọn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, inú ọgbà òdòdó kan ni wọ́n ti ya fọ́tò. Ìyá Agbẹ̀bí wọ kaba kan tó ń dán bíi wúrà láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo lòun bí, òun ò sì ní tọ́jú dídán pa mọ́ de ọjọ́ mìíràn. Oòrùn bọ́ sí kaba náà, ó sì ń ta padà sójú gbogbo ènìyàn.

Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ ń tàn jù, mi ò rí ọkọ àtìyàwó.”

Àwọn ará ibi iṣẹ́ kò lè pa á mọ́ra. “Ẹ yọ ìyá kúrò!” ni wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣáájú wọn. Ìyá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé etí kaba rẹ̀ dání, ó fẹ́ sún.

Awòràwọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Màmá, ẹ dúró.” Ó yíjú sí ayàwòrán. “Ẹ yà á bẹ́ẹ̀.”

“Ojú yín ò ní hàn dáadáa, ìyàwó.”

“Mo mọ̀. Ẹ yà á.”

Fọ́tò náà ló wà lórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́ dòní. Ìmọ́lẹ̀ funfun ńlá kan ló gba àárín rẹ̀, ojú méjì tó ṣú díẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ fún un, ó lé nígbà mẹ́ta, pé iṣẹ́ kékeré ni láti fi kọ̀ǹpútà fọ ìmọ́lẹ̀ yẹn kúrò kí ojú wọn lè hàn. Awòràwọ̀ kò gbà. Tí àlejò bá sì wọlé, tó bi í pé kí ló ń tàn báyìí láàárín fọ́tò, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró kó tó dá a lóhùn.

“Màmá mi ni,” á ní.